Ẹ Má Di Ọwọ́ Tó Ṣẹ́ Pa

Bí ènìyàn bá já látorí ọ̀kadà tó fọwọ́ gbalẹ̀, eegun méjì tó wà láàárín ìgbọ̀nwọ́ àti ọrùn ọwọ́ lè ṣẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹnìkan á ti ní: “Ẹ má gbé e lọ sí ọsibítù o, gígé ni wọ́n máa gé e.” Púpọ̀ nínú ọwọ́ tí wọ́n ń gé ní ọsibítù, àwọn tó ń to eegun ti dì í pa kó tó débẹ̀.

N ò bá àwọn tó ń to eegun ṣọ̀tá. Ìdè líle ni mò ń bá jà. Ọwọ́ tó ṣẹ́ á wú, ẹ̀jẹ̀ á dà sáàárín ẹran, bẹ́ẹ̀ awọ líle tó bo ẹran náà nínú kì í nà. Bí ọparun àti aṣọ tí wọ́n fi dì í bá tún fún un látìta, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà wọlé. Láàárín bíi wákàtí 6, ẹran lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú, ìka á wá ká kò bí èékánná àṣá. Dókítà ará Jámánì kan, Richard von Volkmann, ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1881 pé ìdè líle ń fa èyí. A ṣì ń dì í.

Ìrora tí oògùn ò ràn, tí aláìsàn ń figbe ta bí ẹ bá rọra na ìka rẹ̀, ni kó kọ́kọ́ já yín láyà. Ẹ má sọ fún un pé kó mọ́kàn le. Ẹ má sì dúró dìgbà tí ọwọ́ bá tutù. Ì báà jẹ́ P.O.P., ìdè tí wọ́n fi ń di eegun ní ọsibítù, ẹ ní kí wọ́n tú u lójú ẹsẹ̀.

Bí eegun méjèèjì àgbàlagbà bá ṣẹ́ tó sì yẹ̀, iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń gbà. Eegun ìhà àtàǹpàkò ló ń yí lórí èkejì tí a fi ń tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gba owó. Bó bá jinná ní wíwọ́, ọwọ́ ò ní yí dáadáa mọ́. Dókítà lè gba iwájú apá débẹ̀, lọ́nà tí Arnold Henry, oníṣẹ́ abẹ ará Áyálándì, là sílẹ̀. Àárín ẹran kan sí èkejì ló ń gbà, á sún iṣan ẹ̀jẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á wá fi irin pẹlẹbẹ àti síkúrù de eegun.

Nítòsí ìgbọ̀nwọ́, nẹ́ẹ̀fù kan wé mọ́ eegun ìhà àtàǹpàkò yìí. Bí wọ́n bá fà á jù níbi iṣẹ́ abẹ, ara ọwọ́ ò ní kú tipiri, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò àti ìka ò ní lè nà. Kí aláìsàn na àtàǹpàkò rẹ̀ lójú dókítà kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, kó tún nà án lẹ́yìn rẹ̀. Bí kò bá nà, ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Ó sábà máa ń padà láàárín oṣù díẹ̀, àmọ́ ẹnu dókítà ló yẹ kí ẹ ti gbọ́ ìyẹn, kì í ṣe ẹnu aládùúgbò.

Irin náà ńkọ́? Bí kò bá dà yín láàmú, ẹ fi í sílẹ̀. Eegun tí wọ́n bá tètè yọ irin rẹ̀ lè tún ṣẹ́.