Àpótí Ìmọ̀: Títọ́jú Wàrà àti Mílíìkì Pẹ́ Nílé

Ní Ẹgbẹ́dá àti àwọn abúlé oko tó yí Ìbàdàn ká, àwọn obìnrin Fúlàní ló sábà máa ń ṣe wàrà, ìyẹn mílíìkì màlúù tí oje ewé bomubomu mú dì lórí iná, tí wọ́n sì ń gbé e kiri ọjà nínú omi rẹ̀. Omi púpọ̀ tó wà lára wàrà ni kì í jẹ́ kó pẹ́, nítorí inú ọ̀rinrin àti ooru ni kòkòrò àìfojúrí, èyí tí ń mú oúnjẹ kan, ti ń gbèrú. Bí kò bá sí ẹ̀rọ amóhuntutù, ọjọ́ 2 sí 3 ni ó máa ń lò.

Ọgbọ́n àwọn Fúlàní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yẹ fún àfarawé: wọ́n máa ń tún wàrà sè lójoojúmọ́, wọ́n sì ń fi èèpo ewé ọkà bàbà pa á láwọ̀ pupa. Bí a bá sì dín wàrà, dídín náà ń dín omi inú rẹ̀ kù, tí ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi pọ́n, tí yóò sì le.

Ilé tó bá fẹ́ kó mílíìkì pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù, oníyẹ̀fun ni kó gbójú lé, pàápàá èyí tí wọ́n ti yọ ọ̀rá rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń mú ọ̀rá díkàsì. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kọ́ńgò lọ́jà kò dára fún ìpamọ́ rárá, torí pé àpò rẹ̀ ti wà ní ṣíṣí, ọ̀rinrin ti ráyè wọ̀ ọ́, ẹni tó rà á kò sì ní rí ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kà lára rẹ̀.