*Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Àdúrà Ẹlòmíràn*

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí lórí ìdúró nínú ọkọ̀, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ẹ kú àìsùn. Olúwa á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo wa.

*Bíbélì kíkà:* 1 Sámúẹ́lì 1:9-18, Lúùkù 6:37-38

Kí aago márùn-ún àárọ̀ tó lù, Agége ti jí. Ní Pen Cinema, ọkọ̀ ti ń pe èrò. Àwọn kan ti dé ẹnu géètì ilé iṣẹ́ ní Ọba Akran, ní Agidingbi àti ní Ògbà, pàápàá àwọn casual tí wọn ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n á rí iṣẹ́ ṣe lónìí. Ẹni tó ní shift mẹ́fà sí méjì ò lè fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣeré. Ẹ wo inú danfo dáadáa: ẹ máa rí obìnrin kan tó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, ètè rẹ̀ ń mì, ẹ ò gbọ́ ohùn. Àdúrà òwúrọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Láàárín Ìyànà Ìpájà sí Agége ló fi gbogbo rẹ̀ sí, kọ́ńdọ́ sì tún ń kàn án léjìká pé kó mú owó ọkọ̀ wá.

Ọ̀rọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ kì í ṣe òun la fẹ́ bá wí. Àwa tí à ń wò ó ni.

Nítorí ẹ mọ ohun tí à ń sọ. À ń sọ pé, "Ṣé àdúrà náà nìyẹn, bí ẹni tí ajá ń lé?" À ń sọ pé, "Ẹni tó bá mọ iyì Ọlọ́run á jí ní aago mẹ́rin." Tó bá di òru Friday, tí arákùnrin kan ò wá sí ìṣọ́ òru, a ti ní ó ti tutù nínú ẹ̀mí. A ò béèrè shift tó wà. Aago mẹ́wàá alẹ́ tí àwa ń dá orin sílẹ̀, aago yẹn gan-an lòun ń wọ ẹnu iṣẹ́. Ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́: àwọn kan wà tí kò sá fún Ọlọ́run, ahọ́n wa ni wọ́n sá fún. Wọ́n kúrò nínú akọrin, wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́ àdúrà, nígbà tó yá wọn ò wá sí ìsìn ọjọ́ Sunday mọ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló lé wọn lọ.

*Élì lórí àga*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣílò nìyẹn. Hánnà wà nínú ìbànújẹ́, ó ń gbàdúrà nínú ọkàn, ètè nìkan ló ń mì. Àlùfáà Élì jókòó lórí àga lẹ́bàá òpó ilẹ̀kùn, ó ń wo ẹnu rẹ̀, ó sì parí èrò sí pé ó ti mutí yó.

Ẹ má rò pé èèyàn burúkú ni Élì o. Àsìkò àjọ̀dún ni, àwọn èèyàn ti jẹ, wọ́n ti mu. Bóyá ó ti rí ọ̀mùtí níbẹ̀ rí. Ó nídìí tó fi fura. Ṣùgbọ́n ìfura kì í ṣe ìmọ̀. Àwọn àgbà wa ní gbogbo alángbá ló da inú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Láti orí àga, alángbá kan náà ni gbogbo wọn.

Ohun méjì ló dára nínú ìtàn yẹn. Àkọ́kọ́, nígbà tí Hánnà ṣàlàyé, Élì ò bá a jiyàn. Kò ní, "Èmi àlùfáà ló ń dá lóhùn?" Ojú ẹsẹ̀ ló yí ọ̀rọ̀ padà, ó sì súre fún un. Ìkejì ni èyí: nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ Júù jókòó láti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà, Hánnà ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Wọ́n ní kí ọkàn wà níbẹ̀, kí ètè mì, kí ohùn má ròkè. Ẹ ò rí nǹkan? Àdúrà tí àlùfáà pè ní ọtí ló di àwòkọ́ṣe fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

*Lórí igi àti lórí ògiri*

Àwọn Júù kan náà mọ ìṣòro òṣìṣẹ́. Míṣínà ni ìwé tí wọ́n kó ẹ̀kọ́ àwọn àgbà wọn jọ sí, ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Ó wà níbẹ̀ pé oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà lórí igi, tàbí tó wà lókè ògiri tó ń mọ, lè ka Ṣémà níbi tó wà. Ṣémà ni ìjẹ́wọ́ pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló wà, èyí tó wà nínú Diutarónómì 6. Ìwé kan náà sọ nípa ẹni tó ń rin ibi eléwu pé kó gba àdúrà kúkúrú. Tálímúdì, tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀, tún sọ pé kí alágbàṣe dín àdúrà ẹ̀yìn oúnjẹ kù. Kí ló dé? Torí àkókò ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni. Wọn ò pe ìyẹn ní ọ̀lẹ. Wọ́n kà á sí òtítọ́ sí ọ̀gá ẹni.

Ìtàn kan tún wà nínú Tálímúdì nípa olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Élíésérì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣíwájú àdúrà, ó fà á gùn. Àwọn yòókù ráhùn. Élíésérì bi wọ́n bóyá ó gùn ju ti Mósè lọ, ẹni tó wólẹ̀ fún ogójì ọjọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹlòmíràn gé tirẹ̀ kúrú. Wọ́n tún ráhùn. Ó tún bi wọ́n bóyá ó kúrú ju ti Mósè lọ, nígbà tó bẹ̀bẹ̀ pé kí Ọlọ́run wo Míríámù sàn. Ẹ lọ wò ó ní Númérì 12:13. Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Mósè kan náà ló gba méjèèjì, Ọlọ́run kan náà ló sì gbọ́.

Nehemáyà ńkọ́? Orí kejì ìwé rẹ̀ sọ pé ọba bi í ní ohun tó ń fẹ́. Kó tó dá ọba lóhùn, ó ti gbàdúrà. Báwo ni àdúrà yẹn ṣe fẹ́ gùn tó, tí ọba ń wojú rẹ̀? Odi Jerúsálẹ́mù ló ti ibẹ̀ dìde.

*Kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọlé*

Ẹ jẹ́ ká wá sórí Lúùkù 6. Ẹsẹ 38, ibi tí Jésù ti sọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n tó kún dénú, àkókò ọrẹ la máa ń kà á jù. Ẹ ka ẹsẹ 37 mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ ká má dájọ́ àti ká máa dárí jini ló ṣáájú rẹ̀! Òṣùwọ̀n tí Jésù ń sọ kò mọ sórí owó. Bí a ṣe ń wọn èèyàn wà nínú rẹ̀.

Gbogbo wa la ń ra gàrí. Ẹ mọ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọlé. Lókè, ó kún. Nísàlẹ̀, ó ti jẹ yín. Ẹ̀ ń bínú sí ẹni tó bá fi wọ̀n fún yín, ẹ ò sì ní padà síbẹ̀. Ẹ sì mọ ìyá tó máa wọn tirẹ̀ títí á fi gba orí, tó tún máa bu èènì lé e. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ máa ń lọ.

Ó dáa. Kóńgò wo lẹ fi ń wọn àdúrà ará yín? Tí àwa bá pẹ́ dé ìsìn, gosiló Agége ni. Tí òun bá pẹ́ dé, kò ka Ọlọ́run sí. Tí àwa bá sáré gbàdúrà, Ọlọ́run mọ ọkàn. Tí òun bá sáré, kò mọ àdúrà gbà. Kóńgò méjì nìyẹn, ọ̀kan fún wa, ọ̀kan tí ìdí rẹ̀ wọlé fún ẹlòmíràn. Olùkọ́ Júù kan tó ti gbáyé ṣáájú Jésù, Jóṣúà ọmọ Peraháyà, kọ́ àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbé gbogbo èèyàn sí ẹ̀gbẹ́ rere òṣùwọ̀n. Èènì nìyẹn. Níbi tí ọ̀rọ̀ ò bá ti dá wa lójú, ká bu díẹ̀ lé e fún ẹnìkejì wa.

Kò sì mọ sórí ará ìjọ nìkan. Ẹni tẹ́ ẹ jọ ń ṣiṣẹ́, tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó tẹ́ páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iṣẹ́, tó yára kírun kí àkókò ìsinmi tó tán, ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá a wo ibi iṣẹ́ rẹ̀ títí á fi ṣe tán.

*Kí á má gbọ́ ọ lódì o*

Ìdájọ́ rere kò ní ká di ojú sí ìwà ìkà. Nínú Aísáyà 58:3, Ọlọ́run bá àwọn kan wí torí pé wọ́n ń gbààwẹ̀, wọ́n sì tún ń ni àwọn òṣìṣẹ́ wọn lára. Tí ọ̀gá kan bá ń gbàdúrà wákàtí méjì, tó jẹ owó oṣù àwọn ọmọ iṣẹ́, àdúrà gígùn ò bo ìyẹn mọ́lẹ̀. Ohun tó hàn gbangba tó ń pa ẹlòmíràn lára, ká sọ ọ́. Èyí tí a kò mọ ìdí rẹ̀ la ní ká bu èènì sí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà lójú ọ̀nà náà, ẹ gbọ́ tiyín. Míṣínà tó ní kí oníṣẹ́ ọwọ́ ka Ṣémà lórí igi, òun náà ló ní tó bá kan àdúrà ńlá, kó sọ̀ kalẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wà ní off, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí igi. Ẹ fún Ọlọ́run ní àkókò tí ẹnikẹ́ni ò ní máa pè yín. Ẹni tó sì ń wa ọkọ̀ tàbí tó wà nídìí ẹ̀rọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dijú. Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà ẹni tó lajú.

*Iṣẹ́ tòní*

1. Ẹ ronú kan ẹnì kan tẹ́ ẹ ti dá lẹ́jọ́ nítorí àìwá sí àdúrà. Ẹ pè é lórí fóònù lónìí. Ẹ má ní, "A ò rí ẹ." Ẹ ní, "Shift wo lo wà lọ́sẹ̀ yìí? Ìgbà wo ni mo lè bá ọ gbàdúrà?" Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Èyí tí kò tiẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ rárá ńkọ́?
2. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́, ẹ wo àkókò ìpàdé yín. Tó bá jẹ́ pé aago kan náà ni ní gbogbo ìgbà, a jẹ́ pé àwọn kan ò ní lè wá láéláé. Ẹ máa yí i padà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
3. Tẹ́ ẹ bá rí ètè tó ń mì nínú ọkọ̀ láàárọ̀ yìí, ẹ ṣe "Àmín" sí i nínú ọkàn yín. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

*Àdúrà:* Olúwa, ìwọ tí o gbọ́ Hánnà láìsí ohùn, gbọ́ àwọn tó ń pè ọ́ nínú danfo, nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá, nínú ọkọ̀ ojú irin, àti nídìí ẹ̀rọ. Dárí ọ̀rọ̀ ẹnu wa jì wá. Gba kóńgò burúkú lọ́wọ́ wa. Àwọn tí a ti fi ahọ́n lé lọ, bá wa mú wọn padà wálé, kí o sì fún wa ní ọ̀rọ̀ tútù tí a ó fi kí wọn káàbọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.

Ẹ jáde ire, ẹ wọlé ire o. Ẹ bá wa fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Tí àyè bá gbà á, á kà á.