Ǹjẹ́ Àyè Wà fún Àánú Níbi Tí Èrè Ti Jẹ́ Ọba?

Bíbélì kíkà: Léfítíkù 19:9-13; Deutarónómì 24:14-15; Rúùtù 2; Mátíù 20:1-15

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun tí ó kan ọ̀pọ̀ nínú wa ní Ìlú Ọba níbí, èyí ni iṣẹ́ àti owó ọ̀yà.

Ní ìgbà òtútù kan, ní nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ọ̀kan nínú àwọn olùtọ́jú wọlé, ara rẹ̀ gbóná, ó ń wúkọ́, ojú rẹ̀ sì pọ́n. A ní kí ó padà sílé. Ó ní, "Sístà, ẹ jọ̀ọ́, bí n kò bá ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí, n kò ní rí owó ilé san." A mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a kò lè jẹ́ kí ó kó àìsàn ran ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. A dá a padà, ó sì sunkún lọ. Lẹ́yìn èyí a dá owó díẹ̀ jọ fún un. Ó gbà á, ṣùgbọ́n ojú tì í.

Láti ìgbà náà ni a ti ń bi ara wa pé: ta ni ó ṣẹ̀ ẹ́? Ọ̀gá ilé iṣẹ́ kò rú òfin kankan. Àwa náà kò ṣìkà. Ètò tí gbogbo wa wà nínú rẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

1. Kí ni ètò yìí?

Kápítálísíìmù ni wọ́n ń pè é. Olówó fi owó rẹ̀ dá òwò sílẹ̀ láti jèrè, ọjà sì ń pinnu iye ohun gbogbo, títí kan iye tí a ó san fún iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. A kò sọ pé èrè jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Òwò ni ọ̀pọ̀ àwọn ìyá wa fi rán wa níléèwé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọjà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n bi: èló ni? Kò ní béèrè bóyá ara òṣìṣẹ́ yá.

Adam Smith, ará Scotland tí ọ̀pọ̀ ń pè ní baba ẹ̀kọ́ yìí, rí i bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1776. Ó ṣàlàyé pé bí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá ń jà lórí owó ọ̀yà, ọ̀gá lè dúró pẹ́, nítorí ó ní ohun tí ó fi pamọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò lè dúró ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹni tí ebi ń pa kò lè nájà.

2. Báwo ni àánú ṣe wọlé?

Àwọn ènìyàn ni wọ́n gbé e wọlé, kò ti inú ọjà fúnra rẹ̀ jáde. Ní ilẹ̀ yìí kan náà, àwọn ọmọdé ń ṣiṣẹ́ nínú ilé iṣẹ́ òwú títí òfin 1833 fi dá àwọn tí kò tó ọdún 9 dúró. Ní 1847, òfin dín iṣẹ́ àwọn obìnrin àti àwọn ọ̀dọ́ kù sí wákàtí 10 lóòjọ́. Lọ́ọ̀dù Ashley, onígbàgbọ́, wà lára àwọn tí ó jà fún èyí fún ọdún púpọ̀. Ní 1999, òfin fi £3.60 ṣe owó wákàtí kan tí ó kéré jù fún àgbàlagbà. Àwọn kan ti pariwo pé iṣẹ́ yóò tán nílùú. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Owó àìsàn ńkọ́? Láti 1983 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, òfin kò fi dandan lé owó fún ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́. Ohun tí ó pa arábìnrin wa lẹ́kún nìyẹn. Nígbà tí àrùn kòrónà dé ní 2020, ìjọba yára yọ ọjọ́ mẹ́ta náà kúrò fún àwọn tí àrùn náà kàn, nítorí ó hàn sí gbogbo ayé pé aláìsàn tí ó wá síbi iṣẹ́ lè pa ẹlòmíràn. Ohun tí ó bá ojú ti bá imú. Ní 2022 wọ́n dá ọjọ́ mẹ́ta náà padà. Òfin iṣẹ́ tí a ṣe ní 2025 ni ó wá fọwọ́ sí i pé kí a mú wọn kúrò pátápátá.

3. Kí ni Ìwé Mímọ́ wí?

Ọlọ́run kò fi ọ̀rọ̀ tálákà sílẹ̀ fún inú rere olóko nìkan. Ó fi í ṣe òfin: má ṣe kórè dé etí oko, má sì jẹ́ kí owó alágbàṣe sùn sí ọwọ́ rẹ. Àwọn kan ń sọ pé bí ọ̀gá bá ń ṣàánú, òwò yóò wó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé etí oko ni a ní kí ó fi sílẹ̀, a kò ní kí ó fi gbogbo oko sílẹ̀. Bóásì kórè, ó sì tún jèrè.

Bóásì tilẹ̀ ṣe ju òfin lọ. Ó ní kí àwọn olùkórè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọkà bọ́ sílẹ̀ fún Rúùtù, kí wọ́n má sì dójú tì í. Ibí yìí ni àwa kùnà lálẹ́ ọjọ́ náà. Owó tí a dá jọ ran arábìnrin náà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kì bá ti jẹ́ kí ojú tì í.

4. Àwa ńkọ́?

Ẹ má jẹ́ kí a sọ pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó ń ṣe èyí. Nílé wa láyé àtijọ́, ìwọ̀fà a máa sin olówó láti àárọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ a sì dúró fún èlé lásán. Gbèsè kò ní dín. Lónìí, àwọn kan nínú wa ń gba ọmọ Yorùbá tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti bá wọn tọ́jú ọmọ tàbí ṣọ́ ìsọ̀. Wọ́n ń san ìdajì owó tí òfin là sílẹ̀, wọ́n sì ń wí pé, "Mo ń ràn án lọ́wọ́ ni." Ará, ìyẹn kì í ṣe ìrànlọ́wọ́. Gbèsè ni, Olúwa sì ń gbọ́ igbe ẹni tí a jẹ.

Nítorí náà, ìdáhùn wa nìyí: nínú ọjà tí èrè nìkan jẹ́ ọba, àánú kò ní ìjókòó. Òfin ni yóò gbé àga kalẹ̀ fún un, ọkàn wa ni yóò sì jẹ́ kí ó jókòó pẹ́.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni "etí oko" nínú iṣẹ́ tàbí òwò tìrẹ?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìtọrẹ àánú àti ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́?
3. Ǹjẹ́ a rí ẹni tí a jẹ lówó iṣẹ́? Nígbà wo ni a ó san án?

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ó ń rí ẹnìkejì. Àmín.