Ẹ̀kọ́ Kọkànlá: Ọpọlọ ni Rọpárọsẹ̀ Ń Bà Jẹ́

Ta ni kò mọ rọpárọsẹ̀ ládùúgbò wa ní Baruwa? Mi ò ní í tún bó ṣe ń rí sọ. Ohun tí kíláàsì tó ṣáájú yín kò tètè gbà ni mo fẹ́ tẹnu mọ́: àrùn apá àti ẹsẹ̀ kọ́ nìyí. Àrùn ọpọlọ ni. Ẹsẹ̀ tí ẹ ń fi òrí wọ́ yẹn, kò sí nǹkan tó ṣe é. Ibi tó ń darí ẹsẹ̀ náà nínú ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ kò dé mọ́. Bí apá ọ̀tún bá rọ, ẹ̀gbẹ́ òsì ọpọlọ ni ọ̀ràn wà. Ẹ jẹ́ ká tún un kà: ọpọlọ ni, ẹsẹ̀ kọ́.

Nígbà mìíràn iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ń bẹ́ nínú orí. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹ̀jẹ̀ dídì dí iṣan. Bí tírélà bá dábùú títì Ìpájà, ọkọ̀ ẹrù kò ní í kọjá, àmọ́ ọ̀kadà á ṣì máa gba kọ̀rọ̀ gbé díẹ̀díẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú orí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé rárá á tètè kú. Àyíká rẹ̀ ń rí díẹ̀ gbà láti ara iṣan kéékèèké: kò lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò tí ì kú. Kò tí ì kú! Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi gbájú mọ́ ọn. Láti 1995 ni wọ́n ti fi hàn pé oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà tí àrùn náà bá bẹ̀rẹ̀, wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni gbèdéke rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ aláìsàn. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ya àwòrán orí, torí oògùn yìí lè pa ẹni tí iṣan rẹ̀ bẹ́. Wọ́n ṣì ń wá oògùn tí yóò dáàbò bo ibi tí kò tí ì kú; ọ̀pọ̀ ló ṣiṣẹ́ lára eku tí kò ṣiṣẹ́ lára ènìyàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Máyọ̀wá Owólabí ti Yunifásítì Ìbàdàn ló ṣáájú ìwádìí SIREN lórí rọpárọsẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà. Ní 2018, èsì wọn fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló ń fa rọpárọsẹ̀ jù. Àìjẹ ẹ̀fọ́ àti bíbu iyọ̀ sí oúnjẹ tó ti jinná wà lára ohun tó ń fà á. Àwọn tí ara wọn le náà yọ̀ǹda ara wọn fún ìwádìí yẹn, ó sì yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bí olùwádìí bá fi ìwé àṣẹ rẹ̀ hàn yín, ẹ má lé e.

Bí rọpárọsẹ̀ bá mú ẹnì kan ládùúgbò, kí ẹni tó ní mọ́tò má ka owó epo, kó tètè gbé e lọ sí ọsíbítù. Ẹ má fún aláìsàn ní àgbo, ẹ má fún un lómi, ó lè há a lọ́fun. Ọsíbítù Jẹ́nẹ́rà Alímọ̀ṣọ́ wà ní Ìgàndó. Dókítà máa bi yín pé aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ojú oorun ló ti mú un, aago tí ẹ rí i gbẹ̀yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá ni kí ẹ sọ, kì í ṣe aago tó jí.