Ta Ni Olùwà? Ajá, Alájá àti Òfin

Lónìí, mo fẹ́ ká jọ yẹ gbólóhùn kan wò. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré ló wà nínú rẹ̀: Ajá bu ọmọ jẹ. Láti ọdún kìíní la ti mọ̀ ọ́n tú: “ajá” ni olùwà, “ọmọ” ni àbọ̀, “bù” àti “jẹ” sì fi àbọ̀ náà sáàárín. Àlàyé yẹn kò ní àléébù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà tí gbólóhùn náà kò dárúkọ rárá. Alájá ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìmáṣàyí

Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà tí ajá ọdẹ kan bu àbúrò mi ọkùnrin jẹ lẹ́sẹ̀ ní àdúgbò wa ní Ìmáṣàyí. Ọmọ ọdún 6 ni òun nígbà náà. Ilé ọdẹ tó ni ajá náà kò jìnnà sí tiwa. Lóru, ajá á bá a lọ sígbó. Lọ́sàn-án, á máa rìn káàkiri àdúgbò bó ṣe wù ú.

Bàbá mi lọ bá ọdẹ náà nílé. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ajá yín bu ọmọ mi jẹ.”

Ọdẹ náà dáhùn pé, “Àbúrò, má bínú o. Ṣùgbọ́n ṣé èmi ni mo bù ú jẹ ni?”

Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un. Àwọn kan ní kí wọ́n pa ajá náà, kí ọ̀rọ̀ tán. Àwọn mìíràn ní kí wọ́n fi epo pupa sí ojú ọgbẹ́. Ìyá mi kò dúró gbọ́ tẹnu wọn. Ó ti ń fi ọṣẹ àti omi fọ ẹsẹ̀ ọmọ. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lọ kò ní abẹ́rẹ́. Èkejì ní in, ṣùgbọ́n owó tí a yá la fi san án. Ní ọjọ́ kẹrin, ajá náà kọ oúnjẹ. Ní ọjọ́ kẹfà, ó kú, wọ́n sì sin ín láì jẹ́ kí dókítà ẹranko kankan yẹ̀ ẹ́ wò. Àbúrò mi gba abẹ́rẹ́ tó kù pé. Ó ti di ọmọ ọdún 16 báyìí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ọdẹ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, òun ló sì mú mi kọ àpilẹ̀kọ yìí.

Orúkọ tó ń wo ajá

Ajá lè fi eyín pa èèyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyá mi lọ́jọ́ náà kì í ṣe eyín. Àrùn dìgbòlugi ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí ènìyàn 59,000 ló ń pa lọ́dọọdún, Áfíríkà àti Éṣíà ló sì ti ń pa jù. Nínú ènìyàn 100 tó bá kó o, nǹkan bí 99 ló ti ara ajá kó o.

Ẹ jẹ́ ká wo ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí. “Dìgbòlù” ni kí nǹkan fi agbára kọlu nǹkan mìíràn. Nígbà tí “igi” tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí “lù” di ohùn àárín, fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ “igi” sì pa jẹ. Ohun tó kù ni “dìgbòlugi”: èyí tó ń kọlu igi. Àwọn baba wa rí ajá tí orí rẹ̀ ti dàrú, tó ń sáré kiri láì mọ ibi tó ń lọ, wọ́n sì sọ ọ́ lórúkọ ohun tí ojú wọn rí.

Orúkọ tó dára ni, àmọ́ ó lè tàn wá jẹ. Kì í ṣe gbogbo ajá tó ní àrùn náà ló ń kọlu igi. Òmíràn á kàn dákẹ́, á sùn sí kọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ á sì máa rọ. Kòkòrò àrùn náà sì lè ti wà nínú itọ́ ajá fún ọjọ́ bíi mélòó kan kí àmì kankan tó hàn. Ẹni tó bá ń retí kí ajá kọlu igi kó tó gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lè pẹ́ jù, nítorí pé bí àmì àrùn náà bá ti hàn lára èèyàn, ikú ló sábà máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀.

Òfin tó ń wo ajá

Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ń fi ìrísí sọ ajá eléwu lórúkọ. Òfin náà ń ṣe é. Ilẹ̀ Bìrìtìkó, níbi tí ọ̀pọ̀ ará wa ń gbé, ṣe Dangerous Dogs Act ní ọdún 1991. Lábẹ́ abala kìíní òfin náà, irú ajá mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ fòfin dè: pit bull terrier, Japanese Tosa, Dogo Argentino àti Fila Brasileiro. Ọ̀rọ̀ tí òfin náà lò ni “type”, kò lo “breed”. Àríyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ kan yìí dé ilé ẹjọ́, ní 1993 ni wọ́n sì dájọ́ pé ìtumọ̀ “type” fẹ̀ ju ti “breed” lọ. Ajá tó bá jọ pit bull tó lè wà lábẹ́ òfin náà, ìran yòówù kí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́.

Ní September 14, 2023, ajá pa ọkùnrin kan ní Staffordshire. Lọ́jọ́ kejì, Rishi Sunak, tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà, kéde pé àwọn máa fòfin de XL Bully. Láti February 1, 2024, kò sí ẹni tó lè ní irú ajá yìí ní England àti Wales láìní ìwé àṣẹ. Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀? Wọ́n á wo orí rẹ̀, àyà rẹ̀ àti bó ṣe ga tó: akọ tó bá ga tó sẹ̀ǹtímítà 51 ní èjìká, àti abo tó bá ga tó 48, wà lára àwọn tí wọ́n á yẹ̀ wò. Ẹ rí i pé olùwà kò tíì yí padà. Ojú ajá ni wọ́n ṣì ń wò.

Òfin tó ń wo alájá

Ṣùgbọ́n òfin 1991 yẹn kan náà ní abala kẹta, èyí tí kò bìkítà fún ìran ajá. Ajá yòówù tó bá bọ́ lọ́wọ́ alájá tó sì di ewu, alájá ló máa jẹ́jọ́. Láti 2014, ní England àti Wales, ìbáà jẹ́ inú ilé alájá fúnra rẹ̀ ni ó ti ṣẹlẹ̀, ẹjọ́ wà níbẹ̀. Bí ẹ̀mí bá bọ́, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 14.

Àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Abala 304 nínú Criminal Code Nàìjíríà sọ pé ẹnikẹ́ni tí ohun eléwu bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ohun ẹlẹ́mìí tàbí aláìlẹ́mìí, gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má baà pa ẹlòmíràn lára. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni òfin kà sí ẹni tó fa ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Abala 343 dárúkọ ẹranko ní tààrà: ẹni tí àìbìkítà rẹ̀ lórí ẹranko tó ní bá fi ẹ̀mí èèyàn wewu lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan.

Ohun tí abala 304 ṣe, gírámà ni. Ó mú gbólóhùn wa, ó sì fi olùwà tuntun sí iwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀-ìṣe aṣokùnfà: Alájá mú kí ajá bu ọmọ jẹ. Òwe wa pàápàá ti mọ èyí tipẹ́. Ajá tó lẹ́ni lẹ́yìn ló ń pa ọ̀bọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn ni òfin ń wá. Nítorí náà, ìbéèrè ọdẹ àdúgbò wa ní èsì: lójú gírámà, kì í ṣe òun ló bu ọmọ jẹ, lójú òfin, ọ̀rọ̀ náà lè di tirẹ̀.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Alájá ni kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi fún ajá rẹ̀, kó sì tún un gbà nígbà tí dókítà ẹranko bá dá fún un. Alájá ni kó so ajá rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí kó ti ilẹ̀kùn ọgbà. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Kó má ṣe fi epo sí i. Bí ó bá ṣeé ṣe láìsí ewu, ẹ má ṣe yára pa ajá náà: ẹ tì í mọ́lé, kí dókítà ẹranko ṣọ́ ọ fún ọjọ́ 10. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe torí ìyẹn dá abẹ́rẹ́ dúró.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Ẹ tún àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kọ, kí alájá jẹ́ olùwà:

1. Ajá já okùn.
2. Ajá jáde sí títì.
3. Ajá kò gba abẹ́rẹ́.

Mo ti ṣe ìkẹta fún yín: Alájá kò mú ajá lọ gba abẹ́rẹ́. Ká ní a ti mọ̀ ọ́n sọ báyẹn ní Ìmáṣàyí lọ́jọ́ náà, bàbá mi ì bá ti rí èsì fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.