Òwò àbí Kọ̀ǹpútà: Èwo Ni Kí Ọmọ Mi Kọ́?

Ìbéèrè: Ọmọ mi fẹ́ kọ́ bí àwọn ọjà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ṣé kọ̀ǹpútà ni kó kọ́, àbí òwò?

Ìdáhùn: Ẹ má yà wọ́n sọ́tọ̀, torí nínú iṣẹ́ yìí, ìpinnu òwò ló ń sọ bí ẹ̀rọ yóò ṣe rí. Ní 2007, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ Amazon tẹ àlàyé jáde nípa Dynamo, ètò tó ń tọ́jú ohun tí oníbàárà kó sínú apẹ̀rẹ̀ ìrajà. Ẹ̀dà apẹ̀rẹ̀ kan náà wà lórí ẹ̀rọ púpọ̀, nítorí náà bí ẹ̀rọ kan bá kú, àwọn ẹ̀dà náà lè yàtọ̀ síra. Wọ́n pinnu pé apẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ ọjà láéláé, kí wọ́n da àwọn ẹ̀dà náà pọ̀ bó bá yá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjà tí oníbàárà ti yọ lè tún yọjú. Ọjà tó padà wá ṣeé yọ. Oníbàárà tí wọ́n kọ̀ fún lè bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan kò lè kọ́ ọmọ yín nírú ìpinnu bẹ́ẹ̀.

Ẹlòmíràn á ní ẹni tó ń kọ́ méjì kò ní mọ ọ̀kan dunjú. Òótọ́ wà níbẹ̀. Kó fi ọ̀kan ṣe ìpìlẹ̀, kó sì mọ ìkejì débi tí yóò fi lè béèrè ọ̀rọ̀ tó mọ́yán lórí. Ẹ wo Jumia, tó bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní 2012: ó gbà kí oníbàárà tí kò fọkàn tán íntánẹ́ẹ̀tì sanwó nígbà tí ọjà bá dé ọwọ́ rẹ̀. Òwò nìyẹn, àmọ́ ó di dandan kí kọ̀ǹpútà mọ iye owó tó wà lọ́wọ́ ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà kiri, àti ọjà tí wọ́n kọ̀ lẹ́nu ọ̀nà tó gbọ́dọ̀ padà sí ilé ìkẹ́rù.