Ta ni ó kọ́ ọmọ wa ní sìgá àti ọtí?

Ẹ̀yin ará, bí ọmọ ọdún 14 bá bẹ̀rẹ̀ sí í mu sìgá, a máa ń sọ pé: «Ẹgbẹ́ búburú ni ó bà á jẹ́.» Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ku díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wo inú ilé ná.

Bàbá pe ọmọ: «Lọ ra sìgá ẹyọ kan wá. Kí o bá mi tàn án ní ìdí àdògán.» Ọmọ ti sìgá bọ ẹyin iná, kò ràn. Ó fi í sẹ́nu, ó fà á. Èéfín há a lọ́fun, ó wúkọ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, kò wúkọ́ mọ́. Ta ni olùkọ́ rẹ̀?

Ọtí ńkọ́? Bí a bá sin òkú, tàbí bí àwọn tó bá wa ṣe ọ̀wẹ̀ bá ti oko dé, sódabì ni à ń gbé kalẹ̀. Ọmọdé ni ó ń bu ọtí fún àgbà. Bàbá àgbà a ṣẹ́ díẹ̀ kù sí ìdí ife fún un: «Gbà, ìwọ náà ti di ọkùnrin.» (Ọtí tí a ta sílẹ̀ fún àwọn baba ńlá wa, ilẹ̀ ni ó mu ún. A kò bá ìyẹn wí.)

Ẹ̀yin tí ẹ ń se sódabì mọ bó ti le tó. Nínú bíà, ọtí gan-an sábà máa ń tó 5 nínú 100. Nínú sódabì, ó lè ju 40 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọpọlọ ọmọ ṣì ń dàgbà títí ó fi kọjá ọdún 20. Ìdí nìyí tí sìgá àti ọtí fi tètè ń di bárakú fún ọmọdé.

Wàyí o, ọmọ dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ibi ìkọ́ṣẹ́. Àwọn mẹ́ta ń fa sìgá kan. Bí ó bá kọ̀, wọ́n á ní ojo ni. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń rán lọ ra sìgá, kí ni yóò fi kọ̀? Ṣùgbọ́n èyí tí ilé rẹ̀ ti kọ̀ fún lè sọ pé: «Bàbá mi ò gbà, ẹ má kó mi sí wàhálà.» Ojú kì í tì í. Bí ẹnì kan bá sì ti kọ̀, ẹnì kejì a rí ẹnu kọ̀.

Láti ọdún 2017 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ní òfin tó ní kí a má ta tábà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18.

Bàbá tí kò lè fi sìgá sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Kí ó lọ rà á fúnra rẹ̀. Kí ó mu ún ní ìta, nítorí èéfín rẹ̀ ń pa ẹni tí kò mu ún lára. Kí ó sì sọ fún ọmọ pé: «Mo fẹ́ fi í sílẹ̀, kò jẹ́ kí n lọ.» Ọ̀rọ̀ yìí wọ ọmọ létí ju pàṣán lọ.

Ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́:
Ta ni ó ń bu ọtí fún àlejò ní ilé yín?
Bí àgbà bá na ife sí ọmọ yín lójú agbo, kí ni ẹ ó sọ tí kò ní jẹ́ àfojúdi?